Kùránì àti Hádíìsì: Ibo Ni Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Ní "Ẹ̀sìn Wí" Ti Wá?

Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń gbà wọlé. Ẹnì kan nínú ẹbí á gbé e sórí WhatsApp láàárọ̀ Jímọ̀ pé Ànábì ní ẹni tó bá fi àdúà yìí ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá, ìṣòro rẹ̀ á tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí orúkọ ìwé níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà, kò sì sí orúkọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kúrò ní Kábà, ó ti dé Ìyàrá àti Ìsánlú, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Okun tó wà l'Ábùjá àti l'Ékòó.

Èyí lè dà bí eré. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pín ogún bàbá láwọn ilé kan. Òun ni wọ́n fi ń sọ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ni ẹlòmíràn fi ń gbèjà ìgò ọtí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn báyìí pé: "Ẹ̀sìn wí pé..."

Ní ilẹ̀ Okun, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń jọ gbé inú agbo ilé kan, tí wọ́n sì ń jọ jẹun ọdún ara wọn, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilé. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká mọ ibi tí ìmọ̀ Ìsìláàmù ti ń wá gan-an. Orísun méjì ló jẹ́ òpó rẹ̀: Kùránì àti Hádíìsì. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọwọ́ wa kò sì rí bákan náà.

Ohun tí ìwé wí àti ohun tí èèyàn ṣe

Àwọn àgbà ilẹ̀ Okun ò gbàgbé ogun Tápà. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń ja ilẹ̀ Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ lógun, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Etsu Masaba wà lára àwọn ọba Bídà tí orúkọ wọn so mọ́ ogun náà. Oṣù Kìíní ọdún 1897 ni agbára Bídà lórí ilẹ̀ yìí já, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gba Kábà kọjá kí wọ́n tó lọ kọlu Bídà fúnra rẹ̀.

Nítorí pé Mùsùlùmí ni àwọn jagunjagun náà, ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà rò pé ohun tí wọ́n ṣe ni ìwé wọn wí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ogun nìkan ni ẹ̀sìn náà gbà wọlé. Àwọn oníṣòwò wá, àwọn àáfà tó kọ́ kéwú ní Ìlọrin àti ilẹ̀ Tápà wá, àwọn ọmọ Okun tó lọ ṣiṣẹ́ lókèèrè náà sì gbà á, wọ́n mú un wálé. Ẹni tó bá ṣí Kùránì, Súrà kejì, ẹsẹ 256, á rí i pé ìwé náà kọ̀ kí wọ́n fipá mú èèyàn ṣe ẹ̀sìn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ohun tí Mùsùlùmí kan ṣe kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí Ìsìláàmù wí. Inú orísun ni ẹ̀rí wà.

Kí ni Kùránì?

Lójú Mùsùlùmí, Kùránì kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ni, tí màlékà Jibril mú wá fún un ní èdè Lárúbáwá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 610, nínú ihò àpáta Hira tó wà lẹ́bàá Mẹ́kà. Ẹsẹ márùn-ún tó ṣáájú nínú Súrà 96 ni wọ́n gbà pé ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ń wá díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 23, ní Mẹ́kà àti lẹ́yìn tí Ànábì ṣí lọ sí Mẹdínà ní ọdún 622, títí ó fi kú ní 632.

Súrà 114 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pín in sí ìpín 30 kó lè rọrùn láti kà tán láàárín oṣù kan. Iye ẹsẹ rẹ̀ jẹ́ 6,236 nínú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ jù lọ lónìí. Àwọn Kùránì mìíràn wà tí iye ẹsẹ wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Ibi tí wọ́n ti dá ẹsẹ dúró ló yàtọ̀, wọn ò yọ ọ̀rọ̀ kúrò.

Nígbà ayé Ànábì, àwọn èèyàn ń há Kùránì sórí, àwọn akọ̀wé rẹ̀ sì ń kọ ọ́ sórí awọ, egungun àti imọ̀ ọ̀pẹ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó há a sórí kú sógun Yamama. Ẹ̀rù wá ba Umar pé ó lè ṣègbé, ó sì gba Abu Bakr, àrólé àkọ́kọ́, nímọ̀ràn kó kó o jọ. Zayd ibn Thabit, tó ti jẹ́ akọ̀wé Ànábì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ní nǹkan bí ọdún 650, Uthman, àrólé kẹta, ní kí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá, kí gbogbo èèyàn lè máa ka ìwé kan náà.

Àwọn tó lọ ilé kéwú láyé ìgbà wàláà lè rántí pé Kùránì tí àáfà wọn ń lò yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó ń ti Sáúdì wá lónìí. Kíkà tí wọ́n ń pè ní Warsh ni àwọn àáfà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń lò láti ayébáyé. Èyí tó gbòde báyìí ni Hafs. Nínú Fátíà, ẹni tó ń ka Hafs á fa "mā" gùn níbi tó ti ka "māliki", ẹni tó ń ka Warsh ò ní fà á. Méjèèjì ni àwọn onímọ̀ gbà. Torí náà, bí bàbá àgbà bá kà á báyìí, tí ọmọ sì kà á bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ṣi Kùránì kà nínú wọn.

Ìtumọ̀ Kùránì sí èdè Yorùbá náà ní ìtàn tó yẹ káwọn ará ilé ẹlẹ́sìn méjì mọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ odindi rẹ̀ jáde ní Yorùbá jẹ́ àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì, M. S. Cole, ní ọdún 1906. Ní 1973 ni ìtumọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá fúnra wọn para pọ̀ ṣe jáde. Àwọn àáfà máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ìtumọ̀ kì í ṣe Kùránì. Àlàyé ni ó jẹ́, Lárúbáwá ni Kùránì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi Lárúbáwá kírun, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá ṣe wáàsí.

Kí ni Hádíìsì?

Hádíìsì ni ìròyìn ohun tí Ànábì sọ, ohun tó ṣe, àti ohun tí wọ́n ṣe lójú rẹ̀ tí kò bá wọn wí. Ìlànà tí ìròyìn wọ̀nyí fi hàn ni wọ́n ń pè ní Súnà. Lójú Mùsùlùmí, Ọlọ́hun ló ni ọ̀rọ̀ inú Kùránì látòkè délẹ̀. Nínú Hádíìsì, Ànábì ló ń sọ̀rọ̀, èèyàn ló sì ń ròyìn rẹ̀. Ibi tí èèyàn bá sì ti ń ròyìn, èèyàn lè gbàgbé, ó lè ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ó sì lè parọ́.

Hádíìsì ò wà nínú ìwé kan ṣoṣo bíi ti Kùránì. Àwọn sàhábà, ìyẹn àwọn tó bá Ànábì gbé, sọ ohun tí wọ́n rí fún àwọn ọmọlẹ́yìn wọn. Àwọn yẹn sọ ọ́ fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ sínú ìwé ńláńlá. Muwatta tí Malik ibn Anas ti Mẹdínà kọ wà lára àwọn tó ṣáájú, ọdún 795 sì ni Malik kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé mẹ́fà tí àwọn ẹlẹ́sìn Súnà gbára lé jù jáde. Àwọn tó kọ wọ́n ni Bukhari tó kú ní 870, Muslim tó kú ní 875, Ibn Majah, Abu Dawud, Tirmidhi àti Nasai. Ìwé Bukhari àti ti Muslim ló níyì jù nínú wọn. Hádíìsì tó wà nínú Bukhari lé ní 7,000. Bí wọ́n bá yọ àwọn tó tún ara wọn sọ kúrò, ó kù bíi 2,600. Àwọn Ṣíà ní ìwé Hádíìsì tiwọn, bíi al-Kafi tí Kulayni kọ.

Okùn ẹlẹ́rìí

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́? Hádíìsì kọ̀ọ̀kan ní apá méjì. Apá kan ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. Apá kejì ni orúkọ àwọn tó gbé e wá, láti orí ẹni tó kọ ìwé títí dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Isnad ni àwọn àáfà ń pe apá yìí, a sì lè pè é ní okùn ẹlẹ́rìí.

Ẹ wo Hádíìsì tó ṣáájú nínú ìwé Bukhari, tó ń sọ pé èrò ọkàn èèyàn ló ń pinnu bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe jẹ́. Bukhari ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu Humaydi. Humaydi gbọ́ ọ lẹ́nu Sufyan, Sufyan lẹ́nu Yahya ibn Said, Yahya lẹ́nu Muhammad ibn Ibrahim, òun náà lẹ́nu Alqama ibn Waqqas. Alqama ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu Umar ibn al-Khattab, Umar sì gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì. Èèyàn mẹ́fà ló wà láàárín Bukhari àti Ànábì, orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn sì wà nílẹ̀ kedere.

Àwọn onímọ̀ ò kàn ka orúkọ kọjá. Wọ́n kọ ìwé ńláńlá lórí ìgbésí ayé àwọn ẹlẹ́rìí yìí: ọdún tí wọ́n kú, ìlú tí wọ́n gbé, ẹni tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, bóyá orí wọn jí pépé tàbí wọ́n ti ń gbàgbé lọ́jọ́ ogbó. Kí Hádíìsì tó lè yè kooro, ohun márùn-ún ni wọ́n ń wò. Okùn rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ já níbì kankan. Olóòótọ́ ni gbogbo ẹlẹ́rìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ lè rántí nǹkan dáadáa, tàbí kí wọ́n ní àkọsílẹ̀ tó péye. Ohun tí wọ́n sọ ò gbọ́dọ̀ tako èyí tí àwọn tó jù wọ́n lọ sọ. Kò sì gbọ́dọ̀ ní àbùkù tó fara sin.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò yìí ni wọ́n á pín in sí ipò. Sàhíhì ni èyí tó yè kooro. Hasan ò tó o, ṣùgbọ́n ó dára, wọ́n sì ń lò ó. Daif ni èyí tó lẹ, tí okùn rẹ̀ já tàbí tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Èyí tó burú jù ni mawdu, irọ́ tí èèyàn hun fúnra rẹ̀, tó wá fi sẹ́nu Ànábì. Hádíìsì kan tó gbajúmọ̀ gan-an, tí ọ̀pọ̀ sàhábà jọ ròyìn, kìlọ̀ pé iná ni ibùgbé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ mọ́ Ànábì. Ó yẹ kí ẹni tó ń tẹ "fi ránṣẹ́" lórí fóònù rò ó wò.

Àwọn tó gbajúmọ̀ lẹ́nu wa ńkọ́?

Ta ni ò tíì gbọ́ ọ pé Ànábì ní ká wá ìmọ̀ lọ, kódà bó jẹ́ Ṣáínà? Wọ́n ń sọ ọ́ níbi wòlímọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri ilé kéwú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ Hádíìsì ò gbà á wọlé. Ibn al-Jawzi tiẹ̀ kà á mọ́ àwọn tí wọ́n hun. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà wà nínú ìwé Ibn Majah, ó sì sọ pé ọ̀ranyàn ni wíwá ìmọ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí. Kò dárúkọ Ṣáínà.

Èyí tó ní abẹ́ ẹsẹ̀ ìyá ni àlùjánnà wà náà ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu kọ́ ló wà nínú ìwé tó ṣe é gbára lé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Nasai, ìròyìn kan wà nípa ọkùnrin kan tó fẹ́ lọ sógun. Ànábì bi í bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Nígbà tó ní ó wà, Ànábì ní kó dúró tì í, torí pé lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni àlùjánnà wà. Ẹ ò rí i pé ìtumọ̀ rẹ̀ dúró, bó tiẹ̀ jẹ́ pé gbólóhùn tó wà lẹ́nu aráyé yàtọ̀? Ìyẹn ni pé àyẹ̀wò kì í fi gbogbo ìgbà ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nígbà mìíràn, ńṣe ló máa ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Bí méjèèjì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́

Kùránì pàṣẹ ìrun níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti kà á jáde pé ráká méjì ni Àsùbáà, mẹ́rin ni Àìlà, mẹ́rin ni Àlàsárì, mẹ́ta ni Màgàríbì, mẹ́rin ni Ìṣáì. Ráká 17 lójúmọ́, inú ìṣe Ànábì tó wà nínú Hádíìsì ni wọ́n ti rí i. Àwọn kan wà ní àríwá Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Kala Kato, tí wọ́n ní Kùránì nìkan làwọn gbà. Ìbéèrè tí àwọn àáfà yòókù máa ń bi wọ́n nìyí: níbo lẹ ti rí iye ráká tí ẹ ń kí? Wọ́n tún máa ń tọ́ka sí Súrà 59, ẹsẹ 7, níbi tí Kùránì fúnra rẹ̀ ti ní kí àwọn onígbàgbọ́ gba ohun tí Òjíṣẹ́ bá fún wọn, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú ohun tó bá kọ̀ fún wọn.

Sàká náà rí bẹ́ẹ̀. Kùránì, Súrà 9, ẹsẹ 60, ka irú èèyàn mẹ́jọ tó lè gba sàká. Súrà 6, ẹsẹ 141, ní kí àgbẹ̀ yọ ẹ̀tọ́ irè oko lọ́jọ́ ìkórè. Èló ni kó yọ? Hádíìsì inú Bukhari ló dáhùn: ìdá kan nínú mẹ́wàá bó bá jẹ́ òjò ló fomi rin ín, ìdá kan nínú ogún bó bá jẹ́ pé èèyàn ló ń pọn omi sí i. Hádíìsì mìíràn ló sọ pé kó tó ìwọ̀n wasq márùn-ún kó tó di ọ̀ranyàn, bíi kílò 650 lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó kó kílò 2,000 ọkà bàbà lóko tí òjò ń rọ̀ sí á yọ 200. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló fi ń fa omi sí i, á yọ 100.

Ẹsẹ kan ò tó

Ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi ń ṣìnà ni kó mú ẹsẹ kan ṣoṣo, kó sọ pé ó tán. Ọ̀rọ̀ ọtí ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Súrà 4, ẹsẹ 43, kìlọ̀ pé kí onígbàgbọ́ má sún mọ́ ìrun nígbà tí ọtí bá ń pa á. Ẹni tó fẹ́ràn ẹmu tàbí bùrùkùtù lè di èyí mú, kó ní, "Ṣebí mi ò mu ún nígbà ìrun." Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé díẹ̀díẹ̀ ni òfin ọtí wá. Súrà 2, ẹsẹ 219, ló kọ́kọ́ sọ pé aburú rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Èyí tó wà ní Súrà 4 tẹ̀ lé e. Súrà 5, ẹsẹ 90, ló wá ní kí wọ́n jìnnà sí i pátápátá. Ẹni tí ò mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn á fi ẹsẹ àárín ṣe òfin.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ tàfúsírì, ìyẹn àlàyé Kùránì. Ìwé Jalalayn, tí àwọn onímọ̀ méjì ní Íjíbítì kọ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wà lára èyí tí àwọn àáfà ilẹ̀ wa ń lò jù níbi tàfúsírì oṣù ààwẹ̀.

Ibi tí kò ti sí ọ̀rọ̀ tààrà

Iṣu ńkọ́? Kájú ńkọ́? Wọn ò dárúkọ wọn nínú Kùránì tàbí Hádíìsì. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn onímọ̀ á wo ohun tí gbogbo wọn ti fẹnu kò lé lórí. Bí kò bá sí, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ tuntun wé èyí tó ti wà, wọ́n á wo ohun tó jọ ara wọn. Ibi tí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin ti àwọn Súnà ti yàtọ̀ síra nìyí. Ti Malik ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé láti ayébáyé. Lọ́dọ̀ wọn, oúnjẹ tó ṣe é tọ́jú pa mọ́, bí ọkà bàbà, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ni wọ́n ń yọ sàká rẹ̀. Abu Hanifa ní tòun, ó fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo ohun ọ̀gbìn, àfi díẹ̀ bí igi ìdáná àti koríko. Nítorí náà, bí àáfà méjì bá dáhùn ìbéèrè àgbẹ̀ oníṣu lọ́nà méjì, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú wọn parọ́. Òye ló yàtọ̀, orísun ò yàtọ̀.

Nínú ilé tí ẹ̀sìn méjì wà

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ilẹ̀ Okun jù ni ogún. Ká ní bàbá kan jẹ́ Mùsùlùmí, ó bí ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Bàbá kú, ó fi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà sílẹ̀. Ẹnì kan á ní kí wọ́n pín in bí àṣà Yorùbá, ní ìdí igi. Ẹlòmíràn á ní Kùránì ti pín in. Ẹnì kẹta á ní Kùránì ló lé ọmọ Kìrìsìtẹ́nì jáde.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpín ogún wà nínú Kùránì lóòótọ́, ní Súrà 4, ẹsẹ 11, 12 àti 176. Ṣùgbọ́n òfin pé Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ò ní jogún ara wọn wá láti inú Hádíìsì tí Usama ibn Zayd ròyìn, tó wà nínú Bukhari àti Muslim. Sàhíhì ni. Kò parí síbẹ̀ o. Hádíìsì mìíràn, nípa Sad ibn Abi Waqqas, fàyè gbà á kí èèyàn fi ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún ẹni tí kò sí lára àwọn tó máa jogún. Ọmọ tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì bọ́ sí ipò yẹn. Bàbá náà ì bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ pé kí wọ́n fún un títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta. Ó tiẹ̀ lè fún un ní ẹ̀bùn nígbà tó wà láàyè. Òfin tó dà bíi pé ó ti ìlẹ̀kùn ní ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹni tí ò dé ìdí orísun ò lè rí i. Ọ̀pọ̀ bàbá ti kú láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, àwọn ọmọ ìyá kan náà ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí irú ẹjọ́ yìí bá délé ẹjọ́, ìjọba ní àyè fún un. Ìpínlẹ̀ Kogí ní Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà ní Lọ́kọ́ja. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 277, fún irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láṣẹ lórí ìgbéyàwó, ẹ̀bùn, àsọtẹ́lẹ̀ àti ogún ní ìlànà Ìsìláàmù.

Ìyá tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Súrà 31, ẹsẹ 15, ní bí òbí bá tiẹ̀ ń rọ ọmọ kó bá Ọlọ́hun wá orogún, kó má gbà fún wọn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n kó máa bá wọn lò dáadáa láyé. Súrà 60, ẹsẹ 8, ò kọ̀ fún Mùsùlùmí láti ṣe dáadáa sí àwọn tí ò gbógun tì í nítorí ẹ̀sìn. Bukhari àti Muslim sì ròyìn pé ìyá Asma, ọmọ Abu Bakr, tó ṣì ń bọ òrìṣà nígbà náà, wá kí ọmọ rẹ̀ ní Mẹdínà. Asma bi Ànábì bóyá kí òun gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ànábì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá ní ẹ̀sìn ní kí ọmọ pa ìyá rẹ̀ tì, ẹ ní kó mú ẹsẹ rẹ̀ wá.

Ìbéèrè márùn-ún kí ẹ tó gbà á, kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ìkíní: Kùránì ni àbí Hádíìsì? Ẹni tó bá ní "ẹ̀sìn wí" gbọ́dọ̀ lè dáhùn èyí.

Ìkejì: níbo ló wà? Bó bá jẹ́ Kùránì, Súrà wo, ẹsẹ kélòó? Bó bá jẹ́ Hádíìsì, ìwé ta ni? Ìkànnì quran.com àti sunnah.com wà fún ẹni tó bá ní dátà. Nọ́ńbà Hádíìsì lè yàtọ̀ láti ìwé kan sí òmíràn, nítorí náà, ẹ tún wo orí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìkẹta: bó bá jẹ́ Hádíìsì, ipò wo ló wà? Sàhíhì, hasan, àbí èyí tó lẹ?

Ìkẹrin: kí ló ṣáájú rẹ̀, kí ló tẹ̀ lé e, kí ló fà á tó fi sọ̀ kalẹ̀ tàbí tí Ànábì fi sọ ọ́?

Ìkarùn-ún: ta ló ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni òun náà ti kọ́ ọ? Àáfà tó mọ̀wé kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Okùn ẹlẹ́rìí lòun náà fi kẹ́kọ̀ọ́.

Kùránì fúnra rẹ̀, Súrà 49, ẹsẹ 6, ní bí ẹni tí kò ṣe é fọkàn tán bá mú ìròyìn wá, kí àwọn onígbàgbọ́ wádìí rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣe àwọn ẹlòmíràn ní aburú nítorí àìmọ̀, kí wọ́n wá kábàámọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Jímọ̀ bá tún wọlé sórí fóònù, tí kò dárúkọ ìwé, tí kò dárúkọ ẹlẹ́rìí, ẹ jẹ́ kó dúró sọ́wọ́ yín ná. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè.